Ẹ Má Ya Òkè Nìkan, Ẹ Ya Oko Náà
(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan lára wa sọ níbi ìpàdé àwa ọmọ Ìdànrè tó ń gbé ní Àgùdà, Sùúrùlérè)

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn fọ́tò tí mo yà nílé nígbà ìkórè kòkó. Mi ò ní pẹ́, torí òórùn ìrẹsì ti ń dé ọ̀dọ̀ wa.

Gbogbo wa la ní fọ́tò òkè. Tí a bá ti délé, a ó gun àtẹ̀gùn 667 yẹn, a ó ya ara wa lókè. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní fọ́tò oko bàbá ẹ̀ nínú fóònù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nawọ́ sókè. Ẹni mẹ́ta. Ẹ ṣé.

Oṣù kẹwàá sí ìkejìlá ni kòkó máa ń pọ̀ jù. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, gbogbo ilé ló ń lọ sóko lásìkò yẹn. Bàbá á fi dòjé orí ọ̀pá gé e, àwa ọmọ á kó o jọ, àwọn ìyá á jókòó yí òkìtì ká, wọn á máa fọ́ ọ. A ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà ká tó sá a. Òórùn ẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ bọ̀rọ̀!

Lọ́dún tó kọjá, mo gbé kámẹ́rà lọ sí abà yẹn kan náà. Ẹni mẹ́sàn-án ló yí òkìtì ká, kò sí ọmọ ilé wa kankan níbẹ̀. Alágbàṣe láti apá Benue ni gbogbo wọn. Ọ̀kan dìde, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ń wá ẹnì kan ni?" Lóko bàbá mi o! Mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo sì tọrọ àyè kí n tó ya ẹnikẹ́ni. Ẹni méjì kọ̀, mo fi wọ́n sílẹ̀.

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ní Agége tí kò jìnnà síbi, àwọn ará Èkó ti ń gbin kòkó kí ọdún 1900 tó pé. J. K. Coker wà lára àwọn olóko ńlá ibẹ̀. Àwọn tó wá ṣe lébìrà fún wọn wà lára àwọn tó gbé irúgbìn lọ sílé. Ẹ wo Agége lónìí, ilé ni gbogbo ẹ̀.

Ìjọba tú Cocoa Board ká ní 1986. Ní 2024, owó tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Ìgbà yẹn ni àwọn tí ò mọ ọ̀nà oko mọ́ rántí pé bàbá àwọn lóko. Ní ẹbí tiwa, ẹjọ́ ààlà bẹ̀rẹ̀.

Fọ́tò ló bá wa yanjú púpọ̀ níbẹ̀. Mo ti bẹ àbúrò bàbá mi pé kí wọ́n dúró nídìí pèrègún ààlà kọ̀ọ̀kan, mò ń yà wọ́n, mo sì ń gba ohùn wọn sílẹ̀: ta ló ni ọwọ́ ọ̀tún, ta ló ni ọwọ́ òsì. Wákàtí mẹ́ta gbáko. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò dúró. Ó ku pèrègún mẹ́rin ni òjò dé. A ní a ó padà wá.

Bàbá kú lóṣù kẹta ọdún yìí. Àwọn mẹ́rin yẹn la ṣì ń jiyàn lé lórí.

Mò ń lọ sílé lóṣù kẹwàá. Ẹni tí bàbá tàbí ìyá ẹ̀ bá ṣì lè rìn dé oko, kó wá bá mi lẹ́yìn oúnjẹ. Àyè mẹ́ta ṣì wà nínú mọ́tò.