Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Ibà: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Òbí Mọ̀



Ní oṣù kẹrin ọdún 2023 ni àjọ NAFDAC fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tí à ń pè ní R21. Ilẹ̀ Gánà nìkan ni ó ṣáájú wa. Nígbà tí ó di oṣù kejìlá ọdún 2024, a bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní Kebbi àti Bayelsa.

Nígbà tí ẹ̀fọn bá jẹ ọmọ, kòkòrò ibà tí ó wà nínú itọ́ rẹ̀ a wọ inú ẹ̀jẹ̀, a sì yára lọ fara pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ bí olè. Ibẹ̀ ni ó ti ń pọ̀ sí i kí ó tó jáde wá ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Abẹ́rẹ́ yìí ń kọ́ ara ọmọ láti dá olè náà mọ̀ kí ó tó dé ibùba rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ní àpá abẹ́rẹ́ ṣọ̀pọ̀ná lè máa rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èyí náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni: nígbà tí ọmọ bá pé oṣù 5, 6, 7 àti 15. Ti ẹ̀ẹ̀kẹrin ni ó ń bà mí lẹ́rù. Ní oṣù 15, ọmọ ti ń rìn, ìyá ti padà sí ọjà, káàdì ti wà ní ìsàlẹ̀ àpótí. Àkókò náà gan-an sì ni agbára mẹ́ta ìṣáájú ń dínkù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé ọmọ tí ó gbà á kò lè ní ibà mọ́. Wọ́n dán an wò ní orílẹ̀-èdè 4 ní Áfíríkà. Níbi tí wọ́n ti fún àwọn ọmọ láì dúró de àsìkò òjò, nínú ìgbà 100 tí ibà ì bá mú wọn láàárín ọdún kan, ó dènà nǹkan bí 68. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni kí a fi dojú kọ ìyókù. Àwọn tí wọ́n fi àwọ̀n tiwọn bo ọgbà ẹ̀fọ́, kí wọ́n jọ̀wọ́ ká a wá sílé.

Ara ọmọ lè gbóná díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ojú ibi tí a gún sì lè wú. Ìyẹn kì í ṣe ìdí láti má padà lọ gba èyí tí ó kù. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ má ṣe jókòó kí ẹ máa wí pé, “Ó ṣáà ti gba abẹ́rẹ́.” Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an.