Ọmọ Ogun Tó Padà Délé: Àgbéyẹ̀wò Fíìmù Méjì

Ogun tí àwọn àgbà ń pè ní ogun Hítílà ti parí láti ọdún 1945, ṣùgbọ́n fíìmù tó sọ ohun tí ojú ọmọ Yorùbá rí níbẹ̀ kò pọ̀ rárá. Ọ̀kan nínú wọn ni *The Burma Boy*, tí oníròyìn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, ṣe fún Al Jazeera ní ọdún 2011. Kì í ṣe fíìmù olówó gọbọi. Bàbá arúgbó kan ló dá lé lórí: Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀.

Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun ní 1942; ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Jàpáànù yọ sí wọn lójijì létí odò Kaladan ní Burma. Ọta ìbọn fọ́ egungun itan Isaac, òmíràn sì bà á níkùn. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, dùbúlẹ̀ sínú igbó, wọn kò lè rìn. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló ń bọ́ wọn, tó sì fi wọ́n pamọ́ títí di oṣù Kejìlá, bẹ́ẹ̀ bí àṣírí bá tú, ẹ̀mí rẹ̀ ni yóò fi dí i.

Isaac tiro títí ó fi kú ní 2012. Kí ó tó kú, Phillips mú lẹ́tà ọpẹ́ rẹ̀ lọ sí Burma. Ó bá àwọn ọmọ Shuyiman. Baba wọn ti lọ. Ọpẹ́ náà ti pẹ́ lójú ọ̀nà fún ọdún 67, oníròyìn ló sì wá jẹ́ iṣẹ́ náà, kì í ṣe ìjọba tó kó ọmọdé lọ sójú ogun.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi fíìmù yìí han akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìkòròdú tàbí ní Nọ́fọ́ríjà lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́ kò gbọdọ̀ fi í ṣe àṣekágbá, nítorí ìtùnú rẹ̀ ti pọ̀ jù. *Camp de Thiaroye* ni kó fi tẹ̀ lé e. Ousmane Sembène, tí òun náà ti ṣe ológun Faransé, àti Thierno Faty Sow ló darí rẹ̀ ní 1988. Ìyà tí Pays jẹ ní àgọ́ Buchenwald ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó dé Sẹ̀nẹ̀gà tó tún rí wáyà ẹlẹ́gùn-ún, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní láti bu erùpẹ̀ ilẹ̀ fún un kí ó lè gbà pé Áfíríkà ni òun wà.

Owó iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń béèrè. Ní òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1944, àwọn Faransé yìnbọn lù wọ́n. Ènìyàn 35 ni ìjọba Faransé kọ́kọ́ kà mọ́ òkú. Ní 2014, ààrẹ wọn, François Hollande, sọ pé ó lè tó 70. Ọdún 2024 ni wọ́n tó pè é ní ìpakúpa. Nínú fíìmù náà, Pays ló kọ́kọ́ rí àwọn ọkọ̀ ogun tó ń bọ̀ lóru. Ó sáré lọ jí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń nawọ́, ó ń ké láìní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní wèrè rẹ̀ ló tún dé, wọ́n sì padà sùn.