Ewé Lórúkọ: Ohun Tí Àwa Ẹlẹ́sìn Ìbílẹ̀ Lè Kọ́ Nínú Àwọn Ọgbà Ìbàdàn

     

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ lónìí dá lórí lílọ sí àwọn ọgbà ìgbafẹ́ àti ọgbà ewéko tó wà ní Ìbàdàn. Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ló kan òrìṣà nínú ọgbà ìgbafẹ́. Àwọn ìbátan wa ní Brazil ti dá wa lóhùn tipẹ́, nínú èdè Yorùbá tí wọ́n gbé kọjá òkun: kò sí ewé, kò sí òrìṣà. Ewé tí a kò mọ̀, a kò lè pè é. Èyí tí a kò sì lè pè, báwo ni yóò ṣe jẹ́ wa?

Ẹ jẹ́ kí n mú yín rìn káàkiri díẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948, ní ọgbà ewéko tirẹ̀. Ní Jẹ́ríkò ni ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí igbó wà láti 1954. Wọ́n ti kó ewé tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pépà, jọ síbẹ̀, iye rẹ̀ sì lé ní 100,000. Agodi ní ọgbà ìgbafẹ́ tí àgbàrá Ògùnpa bà jẹ́ ní 1980, kí a tó wá tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹ bá sì gba ọ̀nà Ọ̀yọ́, ẹ ó dé IITA, tí a dá sílẹ̀ ní 1967. Nínú nǹkan bí 1,000 hẹ́kítà ilẹ̀ tí wọ́n ní, nǹkan bí 350 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún igbó, ìrókò sì wà níbẹ̀.

Ẹ má gbàgbé bí àwọn àdúgbò tó kún fún igi báyìí ṣe dé ibi tí wọ́n wà. Lábẹ́ òfin ìlú tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1917, ọ̀tọ̀ ni ibi tí òyìnbó ń gbé, ọ̀tọ̀ ni ti ọmọ onílẹ̀. Ibẹ̀ ni a ń pè ní GRA lónìí. Wọ́n fi igi sílẹ̀ kí ilé wọn lè tutù. Lójú àwọn kan nínú wọn, igbó òrìṣà tiwa kò ju ibùgbé òkùnkùn lọ. Àwa náà gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. A ta igbó Orò, a ta igbó Ọ̀sanyìn ní púlọ́ọ̀tì-púlọ́ọ̀tì, a wá ń sanwó ìwọlé láti lọ jókòó sábẹ́ igi. Mi ò sọ èyí láti dá ìjà sílẹ̀. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé bí ẹ bá wọ inú ọgbà wọ̀nyí, àlejò kọ́ ni yín. Ilẹ̀ baba yín ni.

Mo kó àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ọgbà yìí. A dé ìdí igi kan, ọ̀dọ́kùnrin kan ka orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún wa láìkọsẹ̀: Newbouldia laevis. Mo ní, "Kí ni baba rẹ ń pè é?" Ó dákẹ́. Akòko ni! Ewé tí a ń fi sí orí ọba àti ìjòyè lọ́jọ́ ìwúyè. Ó ti rí i lára fìlà olóyè láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n kò rí i lórí igi rí. Bí a bá gbàgbé orúkọ akòko, ewé lásán ni a ó máa fi sí orí ọba.

Àwọn onímọ̀ wa kò sùn. Ní 1984, ilé-iṣẹ́ tó wà ní Jẹ́ríkò yẹn tẹ ìwé Z. O. Gbile jáde, èyí tó to orúkọ ewé àti igi jọ ní Yorùbá. Ó yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà nínú gbogbo ilé Ifá. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Orúkọ tí ìlú kan ń pe ewé lè yàtọ̀ sí ti ìlú kejì. Orúkọ kan náà, bí odán, sì lè kó igi mélòó kan pọ̀. Àgbà tó bá fi ọwọ́ kan ewé, tó gbóòórùn rẹ̀, ni yóò sọ pé, "Èyí ni, ìyẹn kọ́."

Ìtàn sọ fún wa pé Ọ̀rúnmìlà rán Ọ̀sanyìn pé kó lọ ro oko. Ilẹ̀ ṣú, oko kò ro. Ewé tó bá fẹ́ gbé àdá lé, yóò dá ọwọ́ dúró: èyí ń wo ibà, èyí ń wo orí fífọ́, èyí ń pe ire wálé. Ọ̀rúnmìlà kò bínú. Ó fà á mọ́ra kó lè kọ́ ọ ní ewé. Nítorí náà, inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo rí igi kan nínú ọgbà tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ yí ká. Igi tí a bá bó bẹ́ẹ̀ yóò kú. Ẹni tó bó o ń wá oògùn, bóyá ọ̀kan nínú wa ni. Ọmọ Ọ̀sanyìn kì í pa igi.

Pàápàá ìrókò. Kòkòrò kan wà tó ń mú kí ewé ìrókò kékeré wú kókó, tí orí igi náà yóò sì kú. Ìdí nìyí tí ìrókò fi ṣòro láti gbìn lọ́pọ̀. Èyí tó wà lórí ìdúró, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ọ bí ojú.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ yín sí. Ẹ mú ọmọ yín àti àgbà kan tó mọ ewé lọ sí ọgbà. Ẹ kọ orúkọ tí àgbà náà pè sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ìlú tí wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá padà délé, ẹ gbin nǹkan sí ojúbọ yín. Pèrègún àti akòko kò nira: ẹ gé ọ̀pá rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò, yóò hù. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005, ṣì wà nítorí pé àwọn ènìyàn dúró tì í. Ìwọ̀nba hẹ́kítà 75 ni. Igbó mélòó ni ìlú tìrẹ ní kù?

Kí Ọ̀sanyìn má jẹ̀ẹ́ kí ewé ṣá mọ́ wa lọ́wọ́. Kí orúkọ ewé má parẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Àṣẹ.