Ẹlẹ́sẹ̀ Tí Alùpùpù Gbá, Ẹrù Ta Ni?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò)

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ti èlé tàbí ti ìpín èrè. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí àti ọ̀rọ̀ òfin ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fi ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ra alùpùpù. Àwọn kan ń gùn ún lọ sóko, àwọn kan fi ń ṣiṣẹ́ ọ̀kadà, àwọn mìíràn sì gbé e fún ọmọ-iṣẹ́ láti máa gùn. Gbogbo wa la mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí alùpùpù bá gbá ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Èrò á pé jọ, àwọn àgbà á ní kí wọ́n má pe ọlọ́pàá, ẹni tó gbá èèyàn á dọ̀bálẹ̀, á ra oògùn díẹ̀, ó parí. Ẹ̀bẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kì í to egungun tó ṣẹ́, kì í sì í pa ẹjọ́ rẹ́.

Gbèsè méjì ni ẹni tó bá fi àìbìkítà gbá èèyàn ń jẹ. Èkíní ni ti ìjọba. Criminal Code, ìwé òfin tí wọ́n mú wọ gbogbo gúúsù Nàìjíríà ní 1916, sọ ní ìpín 343 pé ẹni tó bá wa ọkọ̀ èyíkéyìí lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìwàǹwára tàbí àìbìkítà tó lè fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu, lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Òfin náà kò sọ pé ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì nìkan, kò sì dìgbà tí ẹnìkan bá kú.

Èkejì ni ti ẹni tí a gbá. Ó lè pè wá lẹ́jọ́ fún owó ìtọ́jú àti owó iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá kú, aya, ọkọ, ọmọ àti òbí rẹ̀ lè béèrè owó nítorí ẹni tó ń gbọ́ bùkátà wọn. Bí ọmọ-iṣẹ́ wa bá sì gbá èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ wa, wọ́n lè pe àwa tí a ni alùpùpù náà lẹ́jọ́.

Nítorí gbèsè kejì yìí ni òfin ṣe sọ adójútòfò, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìńṣọ́ránsì, di dandan láti 1950, kí ó lè bá ọlọ́kọ̀ san owó fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe léṣe. Alùpùpù wà nínú rẹ̀. Ní January 2023, àjọ tó ń mójú tó adójútòfò fi ti alùpùpù sí ₦3,000 lọ́dún. Ẹ fi èyí wé owó iṣẹ́ abẹ fún ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ti kẹ̀kẹ́ ológeere kò sí lábẹ́ òfin yìí, nítorí náà àpò ẹni tó gùn ún ni gbogbo owó yóò ti jáde.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe sá. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ gbé ẹni náà lọ sílé ìwòsàn. Òfin ìlera ti 2014, ní ìpín 20, kò gba ilé ìwòsàn kankan láyè láti kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹ fi tó ọlọ́pàá àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò létí. Bí èrò bá fẹ́ lù yín, àgọ́ ọlọ́pàá ni kí ẹ gbà lọ, kì í ṣe inú igbó.

Ohun tí a ń bẹ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni pé kí ìgbìmọ̀ má fọwọ́ sí ẹ̀yáwó alùpùpù fún ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, kí wọ́n sì ka owó adójútòfò ọdún kìíní mọ́ ẹ̀yáwó náà. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá wà lẹ́wọ̀n, onídùúró ni yóò san gbèsè rẹ̀. Ẹ̀yin onídùúró, ẹ béèrè ìwé méjèèjì kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a rí ìjà ọ̀nà o.