Nípa Àṣìṣe Kan nínú Títo Nọ́ńbà Lẹ́sẹẹsẹ
Ẹ̀yin àgbà ọ̀mọ̀wé, mo kọ ètò C++ kan tí yóò to nọ́ńbà. Mo fi std::execution::par kún std::sort, kí ọ̀pọ̀ ọwọ́ lè jọ ṣe é. GCC 9, ògbufọ̀ tí ó jáde ní ọdún 2019, kọ̀ jálẹ̀: òun kò rí tbb/blocked_range.h, fáìlì tí n kò dárúkọ rí. Ọ̀wẹ̀ ni ó ń bẹ̀. TBB, iṣẹ́ ọwọ́ Intel, ni ó ń bá a pín iṣẹ́. Mo gbé TBB sórí ẹ̀rọ, mo fi -ltbb sí ìdí àṣẹ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àwọn GCC tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ kì í ké: bí TBB kò bá sí, ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọn yóò fi tò ó, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní tèmi, èyí tí ó pariwo ṣe mí lóore jù wọ́n lọ.