Wáyà Méjì, Ẹnu Púpọ̀

[Ohùn: tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ń hó ṣáá, ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀]

Bí oníṣẹ́ ẹ̀rọ bá tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, wáyà inú rẹ̀ a lọ́ mọ́ra wọn bí ìfun ẹran. Bí ṣíìpù ṣe ń pọ̀ sí i ni okùn tó so wọ́n pọ̀ ń pọ̀, tí ààyè ń há, tí owó sì ń gorí owó. Ní 1982, ilé iṣẹ́ Philips ní orílẹ̀-èdè Netherlands gbé ọ̀nà àbáyọ kan jáde, I2C. Wáyà méjì péré ni.

Ọ̀kan, SDA, ló ń gbé ọ̀rọ̀. Èkejì, SCL, dà bí agogo láàárín àwọn onílù: ìró rẹ̀ ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé.

Ọgbọ́n inú rẹ̀ yẹ kéèyàn farabalẹ̀ gbọ́. Kò sí ṣíìpù kankan tó ń ti iná sí wáyà. Rẹsísítọ̀ kan ló gbé wáyà kọ̀ọ̀kan sókè. Ohun tí ṣíìpù lè ṣe ni kó fà á wálẹ̀ sí òdo, tàbí kó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iná ẹnì kan kì í fi í kọlu ti ẹnì kejì.

[Ohùn: agogo, ìlù mẹ́sàn-án]

Ká ní maikirokọntírólà kan, ṣíìpù tó ń darí àwọn yòókù, fẹ́ béèrè aago lọ́wọ́ DS1307, ṣíìpù tó ń ka àkókò. Á kọ́kọ́ fa SDA wálẹ̀ nígbà tí SCL ṣì wà lókè. Àgò onílé nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló máa pe orúkọ DS1307, bíìtì méje: 1101000. Ìkẹjọ á sọ bóyá ó fẹ́ kọ̀wé ni tàbí ó fẹ́ kà á. Ní ìlù kẹsàn-án, á jọ̀wọ́ SDA, á máa wòye. Bí DS1307 bá wà nílé, òun náà á fa wáyà wálẹ̀: ó jẹ́ ẹ nìyẹn. Bí wáyà bá wà lókè síbẹ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn.

Bí maikirokọntírólà méjì bá wá lanu lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Ibí yìí ló dùn jù. Bí kálukú ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń wo wáyà. Èyí tó bá kọ́kọ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, tó rí i pé ó ṣì wà nílẹ̀, á mọ̀ pé ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀, á sì dákẹ́. Èkejì kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnì kan bá òun du ọ̀nà. Bíìtì kan kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Wáyà gígùn kò bá I2C lára mu ṣá o; bó bá ti gùn jù, kì í tètè gòkè padà.

Títí dòní, I2C kò kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí èèyàn bá ki okùn HDMI láti ara dẹkódà bọ tẹlifíṣọ̀n, kí àwòrán kankan tó yọ, dẹkódà á ti gba orí wáyà méjì inú okùn náà pe orúkọ 1010000, á sì ka irú àwòrán tí tẹlifíṣọ̀n náà lè gbé.