Bí Físà Bá Pẹ́: Ohun Tó Wà Lọ́wọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, bá àwọn ọba, àwọn ìjòyè àti ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé wa ní Kétu

    

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí físà tó ń pẹ́. Mi ò kí í ṣe lọ́yà. Ohun tó mú mi dìde ni pé ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi. Nínú ohun tó dùn wá níbẹ̀, apá kan jẹ́ ti àwọn aláṣẹ, apá kan sì jẹ́ àfọwọ́fà tiwa. Apá tiwa yìí ni mo fẹ́ kí á sọ jù, torí òun ló wà lọ́wọ́ wa láti tún ṣe.

Àkọ́bí wa obìnrin ń gbé ní ìlú kan ní ilẹ̀ Yúróòpù. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó lóyún àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ìyá mọ ohun tí mò ń sọ. Ta ni yóò wẹ ọmọ? Ta ni yóò fi omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá ọmọ? Ìyá rẹ̀ ló yẹ. A ní kí ìyá gba físà àbẹ̀wò, èyí tí wọ́n ń fún arìnrìn-àjò tó fẹ́ lọ wo ìlú tàbí lọ kí ènìyàn rẹ̀, tí kò ní lò ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ. Dókítà ní ìparí oṣù kẹsàn-án ni ọmọ yóò dé.

Oṣù keje la tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá rendez-vous. Ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ni wọ́n fún wa. Ìyàwó mi lọ, ó tẹ̀ka, ó sanwó, wọ́n fún un ní récépissé. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èmi olùkọ́, mo gbé kàlẹ́ńdà, mo ka ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo fi ọjọ́ díẹ̀ lé e, mo sì lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú fún ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹsàn-án. Owó àjọ ni mo fi rà á.

Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó pè wá. Wọ́n ní orúkọ tó wà lórí ìwé ìbí ìyàwó mi kò bá ti passeport rẹ̀ mu. Kétu níbí ni wọ́n ti bí i, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìbí pẹ̀lú «ch» ti àwọn Faransé. Ṣùgbọ́n Mẹ̀kọ ló ti lọ ilé ìwé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi «sh» kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe kọ ọ́ nígbà tó ń ṣe káàdì. Lẹ́nu wa, orúkọ kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà wọn, ènìyàn méjì ni.

A gba mairie lọ. Mairie ní ká lọ sí ilé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ ní ìwé kan kù tí mairie gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń lọ, la fi ń bọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kọjá, ìdajì owó rẹ̀ ni wọ́n dá padà fún mi. Láàrin ìyẹn, ọkùnrin kan nínú àwọn démarcheur tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wá bá mi, ó ní òun mọ ẹnì kan nínú bírò. Mo fún un ní 150,000 sẹ́fà. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ọgbọ́n! Láti ọjọ́ náà, fóònù rẹ̀ kò wọlé mọ́.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ni ọmọ dé. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá ni ìkómọ. Ìyá àgbà jókòó sí pálọ̀ wa ní Kétu, ó wọ aṣọ tó ti rán sílẹ̀ fún ọjọ́ náà, ó di fóònù mú, ó ń wúre. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ pe orúkọ ọmọ ni réseau já. Ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá ni físà jáde, ọjọ́ 78 lẹ́yìn tí a fi ìwé sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọmọ pé ogójì ọjọ́.

Ẹ má ṣàánú mi. Ìyàwó mi padà lọ, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì padà sílé kí àádọ́rùn-ún ọjọ́ tó pé. Àwọn míì wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí tiwọn burú ju tiwa lọ.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀ ni mo tó jókòó ka òfin wọn. Ẹni tó ń lọ sí Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù, Jámánì, Ítálì àti àwọn yòókù tó wà nínú àdéhùn Schengen, òfin kan náà ni gbogbo wọn ń lò fún físà ọlọ́jọ́ kúkúrú. Ọdún 2009 ni wọ́n ṣe é, àtúnṣe rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 2020. Ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀.

Èkíní, ènìyàn lè fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò. Àwa ń dúró di ìgbà tó bá ku oṣù méjì. Kí ló dé?

Èkejì, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ń wí kò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ń wá rendez-vous. Ọjọ́ tí ìwé tó pé pérépéré bá wọlé ló bẹ̀rẹ̀. Òfin ní kí rendez-vous má ṣe ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ bó ṣe ń rí.

Ẹ̀kẹta, wọ́n lè fa ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn gùn dé ọjọ́ márùn-dín-láàádọ́ta bí wọ́n bá fẹ́ yẹ ìwé ẹnì kan wò dáadáa. Èyí ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ ka ọjọ́, 45 ni kó máa kà. Bí ó bá tètè dé, ká dúpẹ́.

Ẹ̀kẹrin, láti ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà 2024, owó físà náà jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà, ó tó 59,000 sẹ́fà. Wọ́n fún un, wọn ò fún un, owó náà kì í padà. Ìwé adójútòfò, assurance, tún wà, tó gbọ́dọ̀ lè san tó 30,000 yúrò bí àìsàn bá dé. Ṣùgbọ́n ìka tí a bá tẹ̀, ó wúlò fún oṣù 59.

Ẹ̀karùn-ún, òfin kò ní kí ẹnikẹ́ni ra tíkẹ́ẹ̀tì kí físà tó jáde. Ìwé pé a ti fi orúkọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ tó fún wọn. Ká ní mo mọ èyí, owó àjọ mi ìbá wà nílé.

Ẹ̀kẹfà, bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni náà, ẹ̀tọ́ sì wà fún un láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní ti Faransé, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún un láti ṣe é. Ọ̀pọ̀ wa ń ju ìwé ìkọ̀sílẹ̀ yẹn sínú àpótí, a ń sunkún, ọgbọ̀n ọjọ́ á kọjá.

Báwo ni a ó ṣe máa dúró nígbà náà? Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ tún orúkọ yín ṣe nísinsìnyí, kí ìrìn-àjò kankan tó wà nílẹ̀. Ẹ lọ sílé lónìí, ẹ kó ìwé ìbí, káàdì, passeport àti ìwé ìgbéyàwó jọ sórí tábìlì kan, ẹ wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Àwa tí a wà lẹ́bàá ààlà, tí ọmọ kan máa ń kàwé ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Nàìjíríà, àwa ni wàhálà yìí ń bá jù. Bákan náà ni àwọn ìyá wa tí ìwé wọn kò ní ọjọ́ ìbí, àfi «vers» àti ọdún kan. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ béèrè rendez-vous, ọjọ́ tí wọ́n fún yín, ọjọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n pè, ohun tí wọ́n sọ. Ẹ tọ́jú récépissé. Bí ọjọ́ 45 bá kọjá, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú pẹ̀lú nọ́ńbà récépissé, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ má máa lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni àwọn démarcheur ti ń rí yín.

Ẹ má ta nǹkan. Mo mọ ẹnì kan tó ta ilẹ̀ nítorí físà tí kò tíì jáde. Kí oníṣòwò má pa ìsọ̀ rẹ̀ dé, kí ọmọ ilé ìwé má fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ìgbà ìdúró kì í ṣe ìgbà tí ayé dúró. Kí oníṣòwò tó ń lọ Lomé tún rántí pé passeport rẹ̀ lè wà lọ́wọ́ wọn ní gbogbo àsìkò yẹn, kó tètè wá káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ sí ìtòsí.

Ẹ sì jẹ́ ká ṣọ́ ẹnu wa. Bí físà ẹnì kan bá pẹ́, ìlú á ní ayé ń ṣe é. Wọ́n á ní kó lọ gba àdúrà olówó gọbọi, wọ́n á ní kó lọ ṣe ètùtù. Àdúrà dára. Ṣùgbọ́n «ch» àti «sh» ló dá ìyàwó mi dúró, kì í ṣe ayé.

Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹ̀yin orí adé àti ìjòyè ni mo fẹ́ bá sọ, pẹ̀lú ìbà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn ènìyàn ń wá sí ààfin wá gba lẹ́tà pé ọmọ ìlú rere ni àwọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ẹ mọ̀ nìkan ni kí ẹ máa buwọ́ lù fún. Bí ẹnì kan bá fi lẹ́tà ààfin lọ tí kò padà, lẹ́tà ààfin náà á di bébà lásán fún ìyá tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá sì lọ, kó padà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Orúkọ gbogbo wa ló gbé dání.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, mo mú àbá méjì wá. Àkọ́kọ́, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ méjì tó mọ Faransé kà, tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò, kí wọ́n máa bá àwọn ìyá àti bàbá wa kún ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀. Ìyẹn ló máa gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn démarcheur. Èkejì, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìwé àkọsílẹ̀ kan, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni, àfi ọjọ́ tí ìwé wọlé àti ọjọ́ tí èsì dé. Bí ọdún kan bá pé, a ó kó o jọ, a ó gbé e lọ bá àwọn député wa àti mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkèèrè. Bí a bá ní «ó ń pẹ́ jù», wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bí a bá gbé ọjọ́ kalẹ̀ ní ìlà ìlà, wọ́n á ní láti dáhùn.

Àlejò tó bá fẹ́ wá wo Wìdà tàbí ààfin Abọmẹ, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń béèrè físà Bẹ̀nẹ̀ láti 2018. Mo sọ èyí láìbínú. A lè béèrè pé kí wọ́n máa wo àwa náà bẹ́ẹ̀.

Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà tó fi Kétu sí apá kan, tó fi Mẹ̀kọ sí apá kejì. Àwọn baba wa kò dá sí i, síbẹ̀ wọn ò fi ara wọn sílẹ̀. Àdéhùn CEDEAO ti 1979 wá gbà wá láyè láti wọ Nàìjíríà tàbí Tógò láìgba físà, fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Àwọn tó jókòó sọ̀rọ̀ ló mú ìyẹn wá. Àwa náà, ẹ jẹ́ ká jókòó sọ tiwa, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ti ń sáré kiri báyìí. Ìyá rẹ̀ tún ti lóyún o. Lọ́tẹ̀ yìí, oṣù mẹ́fà ló kù, ìwé ìyá àgbà sì ti wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, pẹ̀lú orúkọ kan ṣoṣo. Mi ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì.